Akọ ajá ọdẹ tó tóbi: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí a ṣe ń fi í dẹ ọ̀yà àti òkété

Àjàó Gánmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Mo rí fídíò kan tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tú ferret (ẹran ọ̀sìn kékeré kan tí ara rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́) sínú ihò, tí ehoro sì ń sá jáde sínú àwọ̀n. Wọ́n ní akọ ńlá ló dára fún ihò tó jìn. Ṣé a lè lo irú rẹ̀ ní agbègbè Ìlọrin sí Ọ̀fà? Bí kò bá ṣeé ṣe, irú akọ ajá wo ni kéèyàn wá, báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀, báwo la sì ṣe ń bá a ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa.

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Àbúrò, fi ferret sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ehoro tiwọn ń gbẹ́ ihò, inú ihò ni ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ehoro igbó tiwa kì í gbẹ́ ihò rárá. Ó kàn ń fi ara tẹ koríko mọ́lẹ̀ díẹ̀, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbójú lé. Ibo ni ferret fẹ́ wọ̀? Ẹran ihò lọ́dọ̀ wa ni òkété, òkété tó dàgbà sì máa ń wọn kílò kan sí kílò kan ààbọ̀. Akọ ferret ńlá kì í sábà ju kílò méjì lọ, abo rẹ̀ sì kéré sí i gan-an. Bí àwọn méjèèjì bá forí gbárí nínú ihò tóóró, eyín òkété á ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ooru ló tún burú jù. Ferret kò lè làágùn; bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 30, ewu ti dé bá a. Ìlọrin sì ń dé 35 lọ́sàn-án oṣù kẹta láìsí ìyọnu.

Dókítà Ẹran
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àrùn distemper tó ń pa ọmọ ajá nílẹ̀ wa tún wà níbẹ̀: ferret tó bá kó o kì í sábà yè, ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ sì pọ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Bákan náà, èèyàn kò lè kó ẹran ààyè wọ orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹran àti ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé wò.

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Ó dáa, ká wá sọ̀rọ̀ ajá. Akọ ajá ìbílẹ̀ ni kó o wá, èyí tó bá dàgbà tó kílò 16 sí 20. Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn, kí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí irun rẹ̀ kúrú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ra. Ìka tó bá fẹ̀ sílẹ̀ ni ẹ̀gún àti kùkùté koríko ń wọ̀ láàárín. Àwọn ajá òyìnbó onírun gígùn tó ju kílò 30 lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ilé. Wọn kò lè gba abẹ́ èèsún kọjá, ooru á sì ti mú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ rí ìyá ajá náà lẹ́nu iṣẹ́ kó o tó san owó, torí imú ìyá máa ń ran ọmọ. Bí àwọn ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 8, dán wọn wò. So orí ẹja gbígbẹ mọ́ okùn, wọ́ ọ nílẹ̀ tó mítà 10, yà á sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kó o wá fi pamọ́ sẹ́yìn igi. Ọmọ tó bá fi imú kanlẹ̀ tó sì yà níbi tí ẹja yà, ìyẹn ni. Èyí tó gbé orí sókè tó ń wò káàkiri, ojú ló fi ń wá nǹkan. Lẹ́yìn náà, ju abọ́ páánù sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kò sóhun tó burú bí ọmọ ajá bá fò sókè, bó bá ṣáà ti padà wá fi imú yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá sá wọ abẹ́ nǹkan tí kò jáde mọ́, ariwo ìgbẹ́ á pa á lọ́kàn.

Ará Òmù-Àrán
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí yíyàn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Àjàó rò pé akọ ńlá nìkan tó iṣẹ́. Akọ ńlá lágbára láti di ọ̀yà mú, àmọ́ ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà tóóró tí ọ̀yà là sábẹ́ koríko. Abo kékeré tó wọn kílò 10 sí 12 ló ń wọlé lọ tú ẹran jáde. Ajá mẹ́ta ni àpapọ̀ tó dára fún pápá kan: abo kékeré méjì tí yóò máa wá, akọ ńlá kan tí yóò dúró létí koríko. Akọ ńlá méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò dáa, wọ́n á máa jà lórí ẹran, ẹran á sì bọ́. Bí abo kan bá ń wá akọ lásìkò yẹn, ilé ni kó wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Ìyẹn dára. Mo fara mọ́ ọn fún ọ̀yà. Fún òkété, akọ kan tó ní imú tó.

Àjàó Gánmọ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ oṣù mélòó ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó?

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Má kánjú. Láti ọ̀sẹ̀ 8, orúkọ rẹ̀ àti fèrè ni kó kọ́kọ́ mọ̀: fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì nígbàkígbà tó o bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún un, kó lè mọ̀ pé fèrè túmọ̀ sí "padà wá". Ní oṣù 4, máa wọ́ awọ ọ̀yà lórí okùn nínú koríko kúkúrú, kó máa tọ̀ ọ́. Kó tó pé oṣù 8, má fi í sáré gígùn, egungun rẹ̀ kò tíì le. Láti ìgbà náà, jẹ́ kó tẹ̀ lé àgbà ajá kan ṣoṣo. Bó bá tẹ̀ lé ogunlọ́gọ̀, gbígbó lásán ni yóò kọ́. Má jẹ́ kó dojú kọ akọ ọ̀yà ńlá kó tó pé ọdún kan. Bí ọ̀yà bá ya ètè rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, àtìgbà náà ni yóò máa fà sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù ni pé kó ju ẹran sílẹ̀. Má fa ẹran yọ lẹ́nu rẹ̀, torí bó o bá ṣe ń fà ni yóò ṣe máa deyín mọ́ ọn. Di awọ ọrùn rẹ̀ mú, dúró jẹ́ẹ́, gbé ègé ẹran bíbọ̀ sún mọ́ imú rẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "jù ú sílẹ̀". Gbàrà tó bá là ẹnu, fún un ní ègé náà. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀rọ̀ kan náà.

Àlùfáà Àgbàjí
Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún àwa Mùsùlùmí jù bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn kan nílùú yìí ń sọ pé ẹran tí ajá bá ti fẹnu kàn kò ṣeé jẹ, bẹ́ẹ̀ Súrà Al-Māʾida, āyà 4, fàyè gba ohun tí ajá tí a kọ́ bá mú fún wa, pẹ̀lú ìlànà. Ajá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kọ́: bí a bá rán an, kó lọ, bí a bá pè é, kó padà. Ẹ dárúkọ Ọlọ́run nígbà tí ẹ bá ń tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá bá ẹran náà láàyè, ẹ dúńbú rẹ̀. Bí ajá bá ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, torí ara rẹ̀ ló mú un fún. Bí ajá mìíràn tí ẹ kò mọ ẹni tó tú u bá bá a pa ẹran náà, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: ẹran tí a fi kùmọ̀ lù pa wà lára ohun tí āyà 3 kà léèwọ̀. Àwọ̀n dára ju kùmọ̀ lọ nítorí náà, torí ààyè ni ẹran máa ń wà nínú rẹ̀ títí ọ̀bẹ yóò fi dé. Ní ti jíjẹ òkété fúnra rẹ̀, èrò àwọn onímọ̀ kò pa pọ̀. Ẹ bi àlùfáà tí ẹ ń tẹ̀ lé.

Ìyá Alájá
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí ọ̀pọ̀ ajá ọdẹ ni ebi ń pa lábẹ́ ọwọ́ ọdẹ tó ń fi ẹran wọn ṣe ọbẹ̀. Akọ kílò 18 tó ń ṣiṣẹ́ nílò oúnjẹ sísè tó súnmọ́ kílò kan lóòjọ́. Kí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan jẹ́ ẹran tàbí ẹja: orí panla, ìfun tí a bọ̀ jinná, ẹ̀dọ̀ díẹ̀. Ìyókù lè jẹ́ tùwó ọkà bàbà tàbí iṣu tàbí ìrẹsì, kí ẹ fi epo pupa ṣíbí kan sí i. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ má fi ata àti iyọ̀ púpọ̀ sí i. Egungun adìyẹ tí a ti sè ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́, ẹ má fún un ní oúnjẹ àárọ̀. Ajá tó yó tó ń sáré, ikùn rẹ̀ lè wú kó sì lọ́, ikú kíákíá nìyẹn. Ẹ̀kọ mímu ife kan kí ilẹ̀ tó mọ́ ti tó. Bó bá darí dé, kó sinmi fún wákàtí kan, kó mu omi díẹ̀díẹ̀, kó tó jẹun. Ẹ má ju ìfun ẹran ìgbẹ́ fún un ní tútù, aràn ló wà nínú rẹ̀.

Dókítà Ẹran
Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n to ti ìlera. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àpapọ̀ tó ń dènà distemper àti parvo (àrùn ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀) bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ń tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹran tirẹ̀, ilé iṣẹ́ ẹran ìjọba náà wà. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, wọ́n sì sábà máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ìlú kan ní àsìkò náà. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ewé tàbí ata dí i.

Oògùn aràn: ọmọ ajá, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ọ̀sẹ̀ 2 títí dé 12, àgbà ajá, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta.

Eégbọn ni ọ̀tá ajá ìgbẹ́. Ẹ yẹ inú etí, abẹ́ ìrù àti àárín ìka ẹsẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Bí erìgì rẹ̀ bá funfun, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, bó bá kọ oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò inú eégbọn ń bà jẹ́. Ẹ gbé e wá kíá. Mo bẹ yín, ẹ yé fi ọ́ìlì dúdú ẹ́ńjìnnì pa ajá lára, ẹ sì yé da òtapíápíá lé e. Ajá ń lá ara rẹ̀. Oró náà á wọ inú rẹ̀, awọ náà á sì fà á mu. Ẹ ra oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá, kí ẹ lò ó ní ìwọ̀n kílò rẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofen kì í ṣe oògùn ajá.

Ẹni tó ní akọ ńlá gbọ́dọ̀ mọ ohun kan yìí. Akọ tó ń rìn káàkiri gun abo lè kó kókó abẹ́ tó ń ràn. Ẹ̀jẹ̀ á máa kán láti ojú ara rẹ̀, á máa lá a ṣáá, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹran tó rí ṣákaṣàka á yọ síta. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ẹ̀gún ló gún un. Abẹ́rẹ́ vincristine lọ́dọ̀ dókítà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ló ń wò ó, ó sì sábà ń gbà tó ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kó gun abo kankan títí yóò fi parí.

Àjàó Gánmọ̀
Dókítà, ooru ńkọ́? Mo ń gbọ́ pé ajá ń kú lórí ìgbẹ́.

Dókítà Ẹran
Ooru ara ajá tí ara rẹ̀ dá wà láàárín 38 sí 39. Bó bá ti kọjá 41, ìfun àti ọpọlọ rẹ̀ ń bàjẹ́. Àmì rẹ̀: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dáwọ́ dúró nínú ibòji, itọ́ rẹ̀ ń le, erìgì pọ́n gan-an, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi lásán sí i níkùn, sí itan àti sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi omi sínú ẹnu ajá tí kò lè gbé e mì. Lítà méjì sí mẹ́ta omi fún ajá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbé dání, kí ẹ sì fún un ní díẹ̀díẹ̀ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí.

Ará Òmù-Àrán
Ìdí nìyí tí iṣẹ́ wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tó sì ń parí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà náà, òórùn ẹran sì ń dúró nílẹ̀. Tí oòrùn bá ti ga, òórùn á fò lọ, ajá á kàn máa sáré kiri.

Ìgbẹ́ ọ̀yà rèé bó ṣe ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kí ẹ tó tú ajá. Akùrọ̀ àti etí odò tí èèsún pọ̀ sí ni kí ẹ wò, bíi etí odò Ọ̀yun àti Àsà. Ọ̀yà máa ń gé igi koríko ní ìdagẹ̀rẹ̀, á sì fi ègé kéékèèké sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ojú gígé bá ṣì tutù, òru àná ló jẹ ẹ́. Bó bá ti gbẹ tó pọ́n, ẹ máa lọ sí ibòmíràn.

Àwọ̀n ọ̀yà: mítà kan ní gíga, mítà 20 sí 30 ní gígùn, ojú rẹ̀ kó gba ìka ọwọ́ mẹ́ta kí ọmọ ọ̀yà lè bọ́. Ẹ má fà á le! Ẹran tó bá kọlu àwọ̀n líle, ńṣe ló ń fò padà. Ẹ jẹ́ kó sọ̀, kó di àpò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹran bá wọ̀ ọ́. Ẹ gún ọ̀pá ní mítà méjì méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àwọ̀n tẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ síhà tí ẹran ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ odò ni kí ẹ kọ́kọ́ dí, torí ọ̀yà mọ omi í wẹ̀, odò ló ń sá lọ. Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nídìí àwọ̀n lọ bá ẹran, ẹran á gbóòórùn wọn, á sì yà. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ajá lọ, imú ajá kò ní rí nǹkan gbà.

So ṣaworo mọ́ ọrùn ajá kọ̀ọ̀kan, ìró tó yàtọ̀ síra. Bí ìró akọ bá dúró lójú kan tó ń mì gìrìgìrì, ó ti dì í mú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn nígbà tí ajá wà nínú koríko, ì báà ṣe ṣakabùlà tàbí òmíràn. Ẹ má sì dáná sun igbó. Oko kajú ti yí wa ká, oṣù tí koríko gbẹ jù náà ni kajú ń so, iná kan á jẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá oníoko.

Abo tó lóyún, ẹ tú u sílẹ̀. Oyún ọ̀yà ń tó oṣù márùn-ún, kì í ṣe ti eku lásán.

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Ti òkété wà lọ́wọ́ mi. Ìdí ògán, abẹ́ ọ̀pẹ àti ìdí igi ńlá ni ihò rẹ̀ ń wà. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yí ibẹ̀ ká tó mítà 10, kí ẹ ka gbogbo ẹnu rẹ̀. Bí ewé tàbí erùpẹ̀ tuntun bá dí ẹnu kan láti inú, tí èèpo èkùrọ́ sì wà nítòsí, ó wà nílé. Bí okùn aláǹtakùn bá ta bo ẹnu ihò, kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ fi òkúta dí gbogbo ẹnu, ẹ ṣẹ́ méjì kù. Ẹ fi àwọ̀n kékeré bò wọ́n, kí okùn etí rẹ̀ so mọ́ èèkàn tí a gún síta, kó lè pa ẹnu dé fúnra rẹ̀ bí ẹran bá sáré wọ̀ ọ́. Ẹ di ajá mú, ẹ wá fi dígà ṣí ihò láti ẹnu kẹta. Bí ajá bá ti wà lẹ́nu àwọ̀n, òkété á padà sínú. Jẹ́ kó dúró ní mítà mẹ́ta sẹ́yìn, kó lè mú èyí tó bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀n. Èéfín ń pa ọmọ inú ihò, ó sì ń mú kí òkété kú síbi tí ọwọ́ kò tó. N kò gbà á nímọ̀ràn. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kún ihò padà, kí màlúù tàbí ọmọ ènìyàn má fẹsẹ̀ rọ̀ síbẹ̀.

Dókítà Ẹran
Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ẹ bá ń pa eku ìgbẹ́ èyíkéyìí, ẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sè é jinná. Ibà Lassa àti mpox, àwọn àrùn tí eku lè kó ran èèyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ará Òmù-Àrán
Ẹ sọ fún Baálẹ̀ àti olórí ọdẹ abúlé kí ẹ tó wọ igbó tí kì í ṣe tiyín, pàápàá ní àsìkò tí ọkàn kò balẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n dẹ tàkúté wáyà sí, torí ọrùn ajá ni wáyà ń mú. Bí màlúù bá ń jẹ̀ nítòsí, ẹ so ajá mọ́ okùn. Akika, ẹ fi sílẹ̀, òfin kò gbà á. Inú Páákì Kainji àti Páákì Ọ̀yọ́ Ilé kò ṣeé wọ̀ ṣọdẹ rárá.

Àjàó Gánmọ̀
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ló kù: bí ajá bá ń gbó lẹ́nu ihò, báwo la ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe ejò ló wà nínú rẹ̀?

Ọdẹ Àjàṣẹ́
Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Sí òkété, ajá á máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, á máa ti imú bọ ihò, ìrù rẹ̀ á máa jù. Sí ejò, á máa gbó ní gígùn, á máa fò sẹ́yìn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde, kò sì ní ti imú bọ̀ ọ́. Ẹ fọn fèrè, ẹ pè é padà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣèbé ń wọ ihò òkété gan-an, nítorí náà ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò láé, kódà bí ajá bá ń jùrù.

Dókítà Ẹran
Bí ṣèbé bá tutọ́ sójú ajá, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ da omi mímọ́ sójú náà láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ẹ má fi wàrà tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ha ojú lọ́nà tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Bí ó bá ṣán an, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ má gé ojú egbò, ẹ má so okùn mọ́ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì pe dókítà kí ẹ tó gbéra kó lè wá oògùn oró ejò sílẹ̀.